Ilẹ̀, Ilé àti Èdè: Ìdàgbàsókè ní Bassila àti Manigri

1. Ìfáárà

Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2002, ènìyàn 71,511 ni wọ́n kà ní kọ́múùnù Bassila, ní ẹkùn Donga, ní orílẹ̀-èdè Benin. Nígbà tí wọ́n tún kà ní ọdún 2013, iye náà ti di 130,091. Èyí fi nǹkan bí ìdá 82 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àkọ́kọ́ lọ. Láàárín àkókò kan náà, ìdá 48 péré ni iye ènìyàn fi lé ní Benin lápapọ̀. Ọmọ bíbí nìkan kò lè fa irú ìyàtọ̀ báyìí. Àwọn ènìyàn ń wá tẹ̀dó síbẹ̀ láti ibòmíràn.

Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé ohun tó ń fà wọ́n wá, irú ilé tí wọ́n ń gbé, àti ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi kan onímọ̀ ẹ̀dá-èdè. Èrò wa ni pé májẹ̀mú ilẹ̀ ni yóò pinnu bí ọ̀rọ̀ ilé yóò ṣe rí níbẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, àti pé èdè tí a fi dá májẹ̀mú náà ṣe pàtàkì.

2. Ọ̀nà àti oko

Ọ̀nà ọlọ́dà tó gbéra láti Dassa, tó gba Savalou àti Bantè kọjá, ló dé Manigri kí ó tó dé Bassila, kí ó tó wá forí lé Djougou àti Natitingou. Ọ̀nà yìí ni ọjà ń gbà jáde, òun náà ni àlejò ń gbà wọlé. Kọ́múùnù Bassila fẹ̀ tó kìlómítà 5,661 níbùú lóròó, ṣùgbọ́n ènìyàn 23 péré ló wà lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan ní ọdún 2013, nígbà tí ti Benin lápapọ̀ tó 87. Àwọn àgbẹ̀ láti apá Atacora, níbi tí ilẹ̀ ti ṣá, ń sọ̀ kalẹ̀ wá gbin iṣu, àgbàdo àti òwú. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ tó ṣófo lójú ló ṣófo lóòótọ́: igbó ọba wà níbẹ̀, ilẹ̀ ìdílé sì wà.

Kaṣú ló mú ọ̀rọ̀ náà le sí i. Ẹni tó gbin iṣu yóò wa iṣu rẹ̀, yóò sì kúrò. Ẹni tó gbin igi kò tíì ṣe tán àtikúrò. Ìdí nìyí tí àwọn onílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fi máa ń gba àlejò láyè láti dáko, tí wọn kì í sì í gbà á láyè láti gbin igi. Ilé bíríkì dà bí igi kaṣú: ó ń sọ pé ẹni tó kọ́ ọ ti fìdí múlẹ̀.

3. Ilé méjì, èdè méjì

Ilé àlejò tó wà lábà sábà máa ń jẹ́ ilé alámọ̀. Àwọn tó jọ ti ìlú kan wá ni wọ́n jọ ń gbé ibẹ̀, nítorí náà èdè ilé wọn kì í tètè kú. Ní ìgboro, olùkọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba àti oníṣòwò a máa háyà yàrá nínú àgbàlá kan náà. Bassila ni ọ́fíìsì kọ́múùnù wà, nítorí náà ará Manigri tó bá fẹ́ gba ìwé yóò gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀.

Nàgó ni wọ́n ń sọ ní Manigri, ó sì jẹ́ ẹ̀ka kan náà pẹ̀lú ti Kambolé ní Togo. Ọmọ ìyá Yorùbá ni. Anii ni èdè Bassila, Gisida sì ni wọ́n ń pe ẹ̀ka tí wọ́n ń sọ níbẹ̀. Anii wà lára àwọn èdè orí òkè Ghana àti Togo, kò sì bá Nàgó tan tímọ́tímọ́. Tẹ́ẹ bá fi Tem, Lokpa, Yom, Fúlàní àti Faransé kún un, ẹ ó rí i pé èdè tí ọmọ fi ń ṣeré nínú àgbàlá ilé háyà lè má jẹ́ ti bàbá tàbí ti ìyá rẹ̀.

4. Ọ̀rọ̀-ìṣe inú májẹ̀mú

Ẹ jẹ́ kí a wo gbólóhùn wọ̀nyí nínú Yorùbá àjùmọ̀lò:

(1) Baálé fún àlejò ní ilẹ̀ kí ó fi dáko fún ọdún mẹ́ta.
(2) Baálé fún àlejò ní ilẹ̀ títí ayérayé.
(3) *Baálé ta ilẹ̀ náà fún àlejò, ṣùgbọ́n ti Baálé ṣì ni.

(1) àti (2) bójú mu. (3) tako ara rẹ̀. Èyí fi hàn pé "tà" ń gbé ohun ìní kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan, ṣùgbọ́n "fún" kò sọ bóyá láti lò ni tàbí láti ni. Nígbà tí ilẹ̀ pọ̀, tí onílẹ̀ àti àlejò sì mọ ara wọn, àìsọ yìí kò dá ìjà sílẹ̀. Ẹ̀bùn ọdọọdún láti inú irè oko ló ń rán wọn létí ẹni tó ni ilẹ̀.

Òfin ilẹ̀ Benin, nọ́ńbà 2013-01 ti oṣù kẹjọ ọdún 2013, yí nǹkan padà. Ó ní kí a kọ ẹ̀tọ́ sínú ìwé, yálà titre foncier tàbí attestation de détention coutumière, ìwé náà sì sábà máa ń jẹ́ ní Faransé. Ọ̀tọ̀ ni don níbẹ̀, ọ̀tọ̀ ni prêt, ọ̀tọ̀ ni vente. Ẹni tó ń túmọ̀ "fún" gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan. Bó bá mú don, àwọn ọmọ onílẹ̀ lè pàdánù. Bó bá mú prêt, ẹni tó ti kọ́lé sórí ilẹ̀ náà lè di aláìnílé.

5. Àgbálọgbábọ̀

Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 ni ìjọba Benin ti fòfin de kíkó kaṣú tí a kò tíì fi ẹ̀rọ ṣe jáde kúrò nílùú. Bí ilé iṣẹ́ abẹ́lé bá ra kaṣú lówó gidi, ilẹ̀ tí igi wà lórí rẹ̀ yóò wọ́n sí i, ìjà lórí "fún" yóò sì pọ̀ sí i. Bówó rẹ̀ bá wálẹ̀, onílẹ̀ lè yá ta ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ títì fún ẹni tó fẹ́ kọ́lé. Ọ̀nà méjèèjì ló kan akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè. Iṣẹ́ tó yẹ kó yá ni kíkó àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe ìfúnni, ìyáni àti títà jọ ní Nàgó Manigri àti ní Anii, kí a sì dán wọn wò bí a ti ṣe lókè yìí, kí ìwé tó wọlé dé ọwọ́ ẹni tí kò lè kà á.