Ibi Tí Ẹ̀sùn Ń Gbà Bí Ọlọ́pàá Bá Ṣẹ̀ Wá

Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ tú jáde sí títì láti tako SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń gbógun ti adigunjalè, ní Alausa àti Lẹ́kkí, ní Ìbàdàn àti Ògbómọ̀ṣọ́, lóṣù Kẹwàá ọdún 2020, ohun márùn-ún ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé àwọn ń fẹ́. Kí ìjọba tú àwọn tí wọ́n mú lásìkò ìwọ́de sílẹ̀. Kí ẹbí àwọn tí ọlọ́pàá pa rí ìdájọ́ òdodo àti owó gbà-má-bínú. Kí ìgbìmọ̀ tí kò sí lábẹ́ ọlọ́pàá wádìí gbogbo ẹ̀sùn. Kí wọ́n yẹ ọpọlọ àwọn SARS wò, kí wọ́n sì tún wọn kọ́ níṣẹ́, kí wọ́n tó gbé wọn lọ síbòmíràn. Ìkarùn-ún ló máa ń yà mí lẹ́nu títí dòní: kí wọ́n fi kún owó oṣù ọlọ́pàá. Àwọn tí wọ́n ń fi ìdí ìbọn gbá ló ń bá ẹni tó ń gbá wọn bẹ̀bẹ̀ owó. Ẹni tó bá ní àwọn ọmọ yẹn kórìíra ọlọ́pàá, kó padà lọ ka ohun tí wọ́n kọ.

Ọdún 1992 ni wọ́n dá SARS sílẹ̀ l'Ékòó láti kojú adigunjalè. Wọn kì í wọ aṣọ ọlọ́pàá, ọkọ̀ wọn kì í ní àmì, kí olè má baà dá wọn mọ̀. Ọgbọ́n yẹn wúlò fún ẹni tó ń lépa olè. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kọjú ìbọn sí ará ìlú, sí ọmọkùnrin tó gbé kọ̀ǹpútà há abíyá tàbí tó di irun, ẹni tí wọ́n lù kò mọ ẹni tó lu òun. Kò sí orúkọ láyà, kò sí nọ́ńbà. Ta lèèyàn fẹ́ fẹjọ́ rẹ̀ sùn? Láàárín oṣù Kìíní ọdún 2017 sí oṣù Karùn-ún ọdún 2020, Amnesty International kó ìṣẹ̀lẹ̀ 82 jọ, ó kéré tán, tí SARS ti fìyà jẹ èèyàn tàbí tí wọ́n ti pa á.

Ìjọba yí orúkọ wọn sí F-SARS lọ́dún 2018. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá ọdún 2020, Mohammed Adamu tó jẹ́ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá nígbà náà tú wọn ká. Ọjọ́ 13, ó kéde SWAT, ẹ̀ka tuntun tó máa rọ́pò wọn. Ìdí nìyẹn táwọn ọ̀dọ́ kò fi kúrò ní títì, títí di alẹ́ ọjọ́ 20 tí àwọn ṣọ́jà yìnbọn ní Lẹ́kkí.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ìgbìmọ̀ ìwádìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. Ti Èkó, tí Adájọ́-fẹ̀yìntì Doris Okuwobi darí, gba ẹ̀sùn 235. Nígbà tí wọ́n fi máa jábọ̀ lóṣù Kọkànlá ọdún 2021, wọ́n ti ní kí àwọn 70 gba owó gbà-má-bínú tó tó nǹkan bí 410 mílíọ̀nù náírà. Iṣẹ́ ńlá ni, mi ò ní bù ú kù. Ẹni tí wọ́n lù dọ́gbẹ́ jókòó, ó sọ tẹnu rẹ̀ níṣojú agbẹjọ́rò ọlọ́pàá, gbogbo ayé sì ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n.

Ibi tó ti dí rèé. Abala 214 nínú ìwé òfin Nàìjíríà sọ pé àjọ ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni orílẹ̀-èdè yìí máa ní. Gómìnà kọ́ ló ń gba ọlọ́pàá síṣẹ́, gómìnà kò sì lè lé e. Police Service Commission, l'Ábújá, ló ni àṣẹ láti bá ọ̀gá ọlọ́pàá tó bá ṣìwà hù wí. Nítorí náà, ìgbìmọ̀ lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí wọ́n lé lágbájá, kò lè lé lágbájá. Ìpínlẹ̀ tí kò fún ọlọ́pàá ní ìbọn ló wá san owó ẹ̀ṣẹ̀ ìbọn. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ gba sọ̀wédowó lọ́wọ́ ìjọba Èkó, ọ̀rọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ sì wà nínú fáìlì tó ń lọ sí Àbújá. Owó kì í mú kéèyàn tún fọkàn tán ọlọ́pàá bí kò bá mọ ibi tí ẹni tó lu òun wọlẹ̀ sí.

Ọ̀nà ilé ẹjọ́ ṣì wà. Ẹ̀ṣẹ̀ ìpànìyàn wà lábẹ́ òfin ìpínlẹ̀, kọmíṣọ́nnà fétò ìdájọ́ sì lè gbé ọlọ́pàá lọ sí kóòtù fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ Kérésìmesì ọdún 2022, ọlọ́pàá kan yìnbọn pa obìnrin agbẹjọ́rò kan ní Àjáh. Oṣù Kẹwàá ọdún 2023 nilé ẹjọ́ gíga Èkó dájọ́ ikú fún un. Kò tó ọdún kan. Ó ṣeé ṣe, bí àwọn tó ni àṣẹ bá fẹ́ kó ṣeé ṣe.

Àmọ́ ìyà tó pọ̀ jù kì í dé kóòtù. Ìdí káńtà ní téṣàn ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gba bẹ́líìtì, bàtà àti fóònù ọmọ, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ńlá, wọ́n tì í mọ́lé. Ìyá rẹ̀ gbé oúnjẹ dé. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé ọ̀fẹ́ ni béèlì, ọlọ́pàá tó jókòó sábẹ́ ìwé náà sì ń bi ìyá léèrè owó bíírò àti owó bébà. Nígbà míràn, ọmọ náà kọ́ ni wọ́n ń wá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọn kò bá nílé. Òfin ọlọ́pàá ọdún 2020 sọ pé wọn kò gbọdọ̀ mú ẹnì kan dípò ẹlòmíràn, wọn kò sì gbọdọ̀ mú èèyàn nítorí gbèsè lásán. Oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn gan-an ni Ààrẹ buwọ́ lù ú, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú ìwọ́de.

Òfin kan náà ló ní ohun tí mo gbẹ́kẹ̀ lé ju orúkọ tuntun èyíkéyìí lọ. Ó ní kí adájọ́ Májísíréètì lọ yẹ téṣàn tó wà lágbègbè rẹ̀ wò, ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ó lè ní kí wọ́n ṣí ìwé ńlá yẹn fún òun. Ó lè fún ẹni tí wọ́n tì mọ́lé ní béèlì lójú ẹsẹ̀, ó sì lè pàṣẹ pé kí wọ́n gbé e lọ sí kóòtù. Ọ̀gá téṣàn pẹ̀lú gbọ́dọ̀ máa fi orúkọ gbogbo ẹni tó mú láìgba ìwé àṣẹ ránṣẹ́ sí adájọ́ lóṣooṣù. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé kò dúró de tálákà kó tó wá agbẹjọ́rò. Ẹni tó ń lu èèyàn níkọ̀kọ̀ yóò mọ̀ pé àlejò kan ń bọ̀ tí òun kò lè lé padà lẹ́nu ọ̀nà.

Nítorí náà, ẹ̀yin baálẹ̀, ẹ̀yin lánlọ́ọ̀dù, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ọmọ ìgbìmọ̀ ará ìlú àti ọlọ́pàá, ẹ bi DPO yín, ìyẹn ọ̀gá téṣàn, léèrè nípàdé tó ń bọ̀: ọjọ́ wo ni adájọ́ wá síbí kẹ́yìn? Bí kò bá rí ọjọ́ kankan dá, ẹ kọ̀wé sí Adájọ́ Àgbà ìpínlẹ̀ yín. Níbi tí kò bá sí ọ̀gá àgbà Májísíréètì, òun ni òfin ní kó yan ẹni tó máa lọ.