Ìràwọ̀ Dúdú Àjàṣẹ́: oyè tí ọba dá sílẹ̀, tí Faransé gbà, tí òfin sì dá padà fún wa

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú ọdún Kérésìmesì tí ó kọjá, ìyá àgbà kan ní àdúgbò wa ní Àjàṣẹ́ ránṣẹ́ pè mí. Nígbà tí mo dé ilé rẹ̀, àpótí pákó kékeré kan wà lórí ẹní níwájú rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjì jókòó, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì, kò sì sí èyí tí ó wo ojú èkejì.

"Ọmọ mi," ni ìyá wí, "ìwọ ni o ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìtàn. Bá wa ka ìwé yìí, kí ìjà yìí lè tán nínú ilé mi kí n tó kú."

Nínú àpótí náà ni àmì ẹ̀yẹ kan wà, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ: àgbélébùú ẹlẹ́nu mẹ́jọ, funfun bí àwo tánganran, tí a fi àwọ̀ aró yí etí rẹ̀ ká, pẹ̀lú ìràwọ̀ dúdú kan ní àárín. Ọ̀já tí a fi ń so ó mọ́ àyà ti jẹ́ aláwọ̀ sánmà rí. Ó ti di eléérú. Ìwé tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ti fàya ní ojú ibi tí a ti ṣẹ́ ẹ po. Èdè Faransé ni a fi kọ ọ́. Ó ní a fi baba ìyá àgbà yìí, tí ó ṣe ògbufọ̀ fún ìjọba amúnisìn, jẹ chevalier nínú ẹgbẹ́ oyè tí a ń pè ní Étoile noire du Bénin.

Ọmọkùnrin ìyá sọ pé ẹnìkan tí ń ra ohun àtijọ́ ti fi owó lọ̀ wọ́n, pé òrùlé ilé ń jò, àti pé ohun tí òyìnbó fi san ẹ̀san fún ẹni tí ó bá a gba owó orí lọ́wọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń tọ́jú. Ọmọbìnrin dáhùn pé ènìyàn kì í ta ọlá baba rẹ̀ kí ó fi ra páànù. Mo lè ka ìwé náà fún wọn, mo sì kà á. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí wọ́n ń bá ara wọn fà kò sí nínú ìwé: ọlá ni nǹkan yìí, tàbí àmì ìtìjú? Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ọba Toffa àti ọdún 1889

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó bá rí ìràwọ̀ yìí ń rò pé Paris ni a ti ronú kàn án. Rárá o. Ní Àjàṣẹ́ níbí ni a ti dá a sílẹ̀, ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 1889, lábẹ́ àṣẹ ọba Toffa, ẹni tí ó jọba láti 1874 títí di 1908. Ìlú olórúkọ mẹ́ta ni ìlú rẹ̀: àwọn Gùn ń pè é ní Hogbonou, àwa Yorùbá ń pè é ní Àjàṣẹ́, àwọn Pọtogí sì sọ ọ́ ní Porto-Novo. Gùn ni ìdílé ọba náà, ṣùgbọ́n ọjà àti àdúgbò ìlú náà kún fún Yorùbá, pẹ̀lú àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Bràsíìlì padà dé.

Ọdún líle ni 1889. Ogun Dàhòmì ṣẹ̀ṣẹ̀ ya wọ àwọn ìletò ilẹ̀ Àjàṣẹ́ ni. Ọdún mẹ́ta ṣáájú, ní 1886, ogun kan náà ti fọ́ Kétu, ó sì ti kó àwọn ará ibẹ̀ lẹ́rú lọ sí Àgbọ̀mẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé òun kò mọ ohun tí ó lè dé bá òun. Toffa ti sá sábẹ́ àbò Faransé. Ẹni tí ó sì wà lábẹ́ òrùlé ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń dúpẹ́. Lójú tèmi, nǹkan méjì ni ọba yìí fi ìràwọ̀ rẹ̀ wí lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń sọ fún Faransé pé, "Ẹ ṣeun." Ó sì ń sọ fún wọn pé, "Èmi náà, ọba ni mí," nítorí pé àwọn ọba Yúróòpù a máa fi irú àmì bẹ́ẹ̀ dá àwọn ọ̀rẹ́ wọn lọ́lá, ẹni tí ó bá sì ń fúnni ní oyè ni ó ga ju ẹni tí ń gbà á lọ.

Ipò tí ó lékè yìí kò pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1892, a tún òfin ẹgbẹ́ oyè náà kọ. Ní 1894, ìjọba Faransé fọwọ́ sí i, láìpẹ́ lẹ́yìn náà ó sì di ọ̀kan nínú àwọn oyè tí Paris fi ń ṣàkóso àwọn ilẹ̀ tí ó gbà, pẹ̀lú ti Kàm̀bódíà, ti Annam àti ti erékùṣù Anjouan. Ìpele márùn-ún ni ó ní, láti orí chevalier títí dé grand-croix. Ẹni tí òfin ní kí á fún ni ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ kí agbára Faransé lè gbilẹ̀ ní etí òkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Àwọn ọ̀gágun àti àwọn alábòójútó ìjọba gbà á. Díẹ̀ nínú àwọn ọmọ ilẹ̀ náà gbà á pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ lórí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 1908. Toffa wàjà. Àwọn tí ó jókòó sí ipò rẹ̀, Faransé kò pè wọ́n ní ọba mọ́. Chef supérieur ni wọ́n ń pè wọ́n, bí ẹni pé òṣìṣẹ́ lásán ni wọ́n. Adé ti bọ́, ṣùgbọ́n ìràwọ̀ tí adé náà dá sílẹ̀ ṣì ń tàn lórí àyà àwọn tí ó já adé bọ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣàlàyé èyí nínú kíláàsì mi, ọmọdébìnrin kan rẹ́rìn-ín, ó ní ó dà bí ẹni tí ó gba ilé lọ́wọ́ onílé, tí ó tún wá ń lo orúkọ onílé láti gba owó ilé. N kò rí àkàwé tí ó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1963, nígbà tí ìjọba Faransé dá Ordre national du Mérite sílẹ̀, ó fi òpin sí ìràwọ̀ dúdú náà. Àwọn tí ó ti gbà á tẹ́lẹ̀ ń mú tiwọn lò, ṣùgbọ́n a kò fún ẹnikẹ́ni mọ́. Dàhòmì ti gba òmìnira ní 1960.

Bí ìràwọ̀ náà ṣe padà sílé

Ìtàn ìbá parí síbẹ̀, bí kì í bá ṣe ohun tí ó wà lórí àwọn ìwé ìjọba wa. Ẹ mú èyíkéyìí tí ó ní àmì ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè wa, èyí tí Faransé ń pè ní armoiries, kí ẹ wò ó dáadáa. A pín asà náà sí mẹ́rin. Ní apá kan ni ilé alámọ̀ olódi tí àwọn ará Atakora máa ń mọ wà. Ní apá kejì ni igi ọ̀pẹ wà pẹ̀lú èso pupa. Ní apá kẹta ni ọkọ̀ ojú omi dúdú. Apá kẹrin ńkọ́? Àgbélébùú ẹlẹ́nu mẹ́jọ ni, tí ìtànṣán yọ láàárín apá rẹ̀. Àwọn tí ó kọ òfin náà pè é ní Étoile du Bénin. Àmì ẹ̀yẹ inú àpótí ìyá àgbà ni!

Ní 1964, ọdún kan lẹ́yìn tí Faransé pa oyè náà rẹ́, ni Dàhòmì olómìnira gbé àmì yìí sórí asà rẹ̀. Ìjọba ọdún 1975 yí gbogbo rẹ̀ padà: orúkọ orílẹ̀-èdè di Bẹ̀nẹ̀, àsíá aláwọ̀ mẹ́ta lọ, àsíá aláwọ̀ ewé tí ó ní ìràwọ̀ pupa dé. Ní 1990, lẹ́yìn àpérò ńlá orílẹ̀-èdè, àsíá àtijọ́ padà, asà náà sì padà. Báyìí ni ohun tí Toffa dá sílẹ̀ ṣe gba ọwọ́ àjèjì, tí ó sì tún bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀, tí ó wá dúró fún ọlá orílẹ̀-èdè lápapọ̀.

Àwọn aládùúgbò wa gba ọ̀nà mìíràn. Ní Tógò, nígbà tí wọ́n ń dá ẹgbẹ́ oyè tiwọn sílẹ̀ ní 1961, orúkọ odò ni wọ́n fi sọ ọ́: Ordre du Mono. Odò kì í jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè ìtàn. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Wọ́n wo ilé wọn, wọ́n rí omi. Àwa wo tiwa, a rí àmì tí ó ti kọjá lọ́wọ́ àwọn tí ó fìyà jẹ wá, a sì sọ pé tiwa ni síbẹ̀.

Ohun tí òfin lè ṣe, àti ohun tí kò lè ṣe

Òfin a máa sọ̀rọ̀ àmì pẹ̀lú ìwọ̀n. Abala kìíní Òfin Ìpìlẹ̀ wa ti oṣù Kejìlá ọdún 1990 sọ pé èdìdì orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 120, pé ọkọ̀ àjẹ̀ kan tí ó kó ìràwọ̀ mẹ́fà yóò wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú ọrun, ọfà kan, àti ọ̀pá àṣẹ ọba méjì, irú èyí tí Faransé ń pè ní récade. Mo máa ń fún àwọn ọmọ kíláàsì ní pépà kí wọ́n yà á gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí.

Ní ọdún kan, ọmọkùnrin kan tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Ṣábẹ̀ẹ́ gbé ọwọ́ sókè. "Monsieur," ni ó wí, "ilé àwọn ará òkè wà níbẹ̀, ọ̀pá ọba Àgbọ̀mẹ̀ wà níbẹ̀, ìràwọ̀ Toffa wà níbẹ̀. Tiwa dà?" Ọjọ́ náà, mo dá a lóhùn bí òṣìṣẹ́ ìjọba: mo ní àmì orílẹ̀-èdè jẹ́ ti gbogbo wa. Ó jókòó, ṣùgbọ́n mo rí i pé kò yó.

Bí ó bá tún béèrè lónìí, èmi yóò ní kí ó wo igi ọ̀pẹ. Ibo ni ikin tí babaláwo fi ń dá Ifá ti wá, bí kò ṣe lórí ọ̀pẹ? Èmi yóò ní kí ó wo ọkọ̀ dúdú. Àwọn kan rí òwò nínú rẹ̀. Mo rí àwọn ará wa tí a kó kọjá òkun, tí orúkọ Kétu sì wà lẹ́nu àwọn ọmọ wọn ní Bahia títí di òní. Òfin yan àwòrán. Àwa ni a ó fi ìtàn kún un. Abala kọkànlá Òfin Ìpìlẹ̀ kan náà sì fún gbogbo ẹ̀yà ní òmìnira láti lo èdè wọn, ní ẹnu àti ní kíkọ. Ìwé ìròyìn tí ẹ mú lọ́wọ́ yìí ń lo òmìnira náà.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí òfin kò lè ṣe. Nínú àṣà wa, oyè kì í parí lórí àyà. Bí a bá fi ènìyàn joyè, a fi iṣẹ́ lé e lọ́wọ́: àwọn kan wà tí yóò máa gbọ́ ẹjọ́ wọn, ọjọ́ kan wà tí yóò máa bọ́ wọn. Àwọn akígbe a gbé oríkì rẹ̀, oríkì a sì máa sọ èyí tí ó dùn, a máa sọ èyí tí ó korò. Ìwé ẹ̀yẹ ìjọba kì í sọ èyí tí ó korò. Ó sọ orúkọ, ó sọ ìpele, ó sọ ọjọ́, ó dákẹ́.

Ohun tí ìyá sọ

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo padà lọ. Mo sọ fún àwọn ọmọ méjèèjì pé òtítọ́ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì. Ọmọ ìlú wa ni ó dá ìràwọ̀ náà sílẹ̀. Àwọn amúnisìn ni wọ́n fi í fún baba wọn àgbà, nítorí iṣẹ́ tí ó ṣe fún wọn. Orílẹ̀-èdè olómìnira ni ó sì fi í sórí asà. Ohun tí baba náà fúnra rẹ̀ ṣe, òfin kankan kò lè sọ ọ́ fún wa. Mo yíjú sí ìyá. Mo ní, "Ìyá, ẹ̀yin nìkan ni ó kù tí ẹ mọ̀ ọ́n."

Ó pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó ní nígbà tí baba òun kú, àwọn ará abúlé kan rin ìrìn ọjọ́ kan wá sin ín, nítorí pé ní ọjọ́ tí wọ́n kó wọn wá síwájú kọmandà, ó yí ọ̀rọ̀ wọn sí rere lójú òyìnbó, wọn kò sì dè wọ́n. Ó tún ní ìdílé kan wà ní òpópónà kejì tí kì í kí wọn, láti ọjọ́ baba òun títí di òní. "Ẹ kò béèrè rí," ni ó wí fún àwọn ọmọ rẹ̀. "Ẹ rò pé n kò mọ ìdí rẹ̀."

Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Níkẹyìn ọmọkùnrin ní òun kò ní ta á, bí a bá lè kọ èkejì náà sílẹ̀. Arábìnrin rẹ̀ ní òun yóò dá ìdajì owó páànù. Ìyá sọ ọ̀rọ̀ méjèèjì, mo kọ wọ́n lédè Yorùbá sórí tákàdá kan, ó tẹ ìka rẹ̀ sí i. Tákàdá náà wà nínú àpótí báyìí, lórí ti Faransé.

Ẹ̀yin tí irú àpótí bẹ́ẹ̀ wà lábẹ́ ibùsùn yín ní Àjàṣẹ́, ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Atakpamé, ẹ má jẹ́ kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kú kí ẹ tó béèrè.