Ẹ̀rọ Onígáàsì Tí Ń Mú Ilé Móoru: Níbo Ni Ó Yẹ Kí Ó Wà?

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdílé wa ni ó ní ọmọ, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí. Nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ra ilé, tàbí tí ó bá ń tún èyí tí ó ń gbé ṣe, ọ̀ràn kan a máa dìde tí kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa níhìn-ín: níbo ni kí a fi ẹ̀rọ onígáàsì tí wọ́n ń pè ní bọ́ílà sí?

Ẹ̀rọ yìí ni ó ń fi iná gáàsì mú omi gbóná, tí ó sì ń rán omi náà gba inú páìpù lọ sí balùwẹ̀, sí ilé ìdáná, àti sínú àwọn irin ara ògiri tí ń mú yàrá móoru nígbà òtútù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fẹ́ fi í pamọ́ sí kọ̀rọ̀ tí àlejò kò ní rí i. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí yóò ti bá ojú mu ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wá, bí kò ṣe ibi tí yóò ti lè mí. Níbikíbi tí gáàsì bá ti ń jó, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ wọlé, èéfín sì gbọ́dọ̀ jáde.

Àwa tí a dàgbà nídìí iná igi mọ̀ pé èéfín kì í ṣe ohun tí a lè fi pamọ́. Ojú a máa ta wá, ikọ́ a máa gbé wa, a ó sì sá jáde. Èéfín gáàsì kò rí bẹ́ẹ̀. Bí gáàsì kò bá rí afẹ́fẹ́ tó láti jó dáradára, a máa mú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde tí àwọn onímọ̀ ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Nínú ẹ̀jẹ̀ ni ó ti ń gba ipò afẹ́fẹ́ rere tí ó yẹ kí ẹ̀jẹ̀ gbé kiri ara, ẹni tí ó bá sì ń sùn lọ́wọ́ lè kú láìjí.

Nítorí èyí ni òfin gáàsì ilẹ̀ náà ti ọdún 1998 fi ka àwọn yàrá kan léèwọ̀. Irú ẹ̀rọ ti àtijọ́ a máa fa afẹ́fẹ́ láti inú yàrá tí ó wà. Ti ìsinsìnyí jẹ́ èyí tí a sé pa: ọ̀pá kan wà nínú ọ̀pá kejì, wọ́n yọ sí ìta, ọ̀kan ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, èkejì sì ń tú èéfín síta. Òfin kò gbà kí irú ti àtijọ́ wà ní balùwẹ̀; bẹ́ẹ̀ ni kò gbà á nínú yàrá tí a ń sùn sí bí agbára rẹ̀ bá ju 14 kílówáàtì lọ.

Ilé ìdáná ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń yàn, ó sì dára bí ògiri rẹ̀ bá kan ìta. Ẹnu ọ̀pá èéfín kò gbọdọ̀ sún mọ́ fèrèsé tí a ń ṣí ju 30 sẹ̀ǹtímítà lọ, èyí tí ó tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ yàrá kún ẹ̀yìn ilé rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ wo ibi tí ẹnu ọ̀pá náà wà, kí ó má baà fi ògiri tuntun sé e mọ́lé. Bí ó bá jẹ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù ni ẹ̀rọ náà wà, kí a má ṣe kó aṣọ àti àpótí tì í. Bí ó bá sì jẹ́ òkè àjà, kí àkàsọ̀ tí kì í yẹ̀ wà níbẹ̀, àti iná, àti pákó tí oníṣẹ́ yóò dúró lé.

A tún gbọ́dọ̀ ro ti omi. Láti ọdún 2005 ni òfin ti ń béèrè irú ẹ̀rọ tí ń tu èéfín rẹ̀ lójú títí oruru inú rẹ̀ yóò fi di omi, kí ooru má baà ṣòfò. Páìpù kékeré ni omi náà ń gbà jáde. Bí páìpù yìí bá gùn jù ní ìta, omi inú rẹ̀ lè di yìnyín ní òru òtútù, ẹ̀rọ yóò sì dákẹ́ ní wákàtí tí a nílò rẹ̀ jù lọ.

Kí a má ṣe gbé iṣẹ́ yìí fún ọ̀rẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n ṣe díẹ̀. Àwọn tí orúkọ wọn wà nínú Gas Safe Register, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2009, nìkan ni òfin fún láṣẹ. Wọ́n ní káàdì tí ó ní àwòrán wọn, kò sì sí àbùkù nínú pé kí a béèrè rẹ̀. Onílé tí ó ń gba owó ilé gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀rọ wò lọ́dọọdún, kí ó sì fún ayálégbé ní ìwé rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, kí a ra aago ìkìlọ̀ tí ń ké bí oró náà bá wà. Bí orí bá ń fọ́ gbogbo ará ilé, tí òòyì ń kọ́ wọn, tí èébì ń gbé wọn, tí ara wọn sì ń yá nígbà tí wọ́n bá jáde, kí wọ́n má ṣe pè é ní ọ̀fìnkìn. Kí wọ́n pa ẹ̀rọ, kí wọ́n ṣí fèrèsé, kí wọ́n jáde, kí wọ́n sì pe 0800 111 999.

Kí àwa tí a wà nílé má ṣe rò pé ọ̀ràn ará òkè òkun nìkan ni èyí. Jẹnẹrétọ̀ tí a gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí sí abẹ́ fèrèsé nítorí ìbẹ̀rù olè ń tú oró kan náà sínú ilé wa. Ohun tí olè gbé lọ ṣeé tún rà. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, nígbà tí ẹ bá tún ń bá àwọn ọmọ yín tí ó wà lọ́hùn-ún sọ̀rọ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti béèrè àlàáfíà wọn, ẹ bi wọ́n pé: níbo ni èéfín ẹ̀rọ ilé yín ń gbà jáde, ọjọ́ wo ni a sì yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn?