Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Bí a ṣe lè ka ìwé 12 kí ọdún tó parí

Tí oṣù Ṣẹ́rẹ́ bá dé, a ó ní ìwé 12 la máa kà lọ́dún yìí. Tó bá fi máa di oṣù Ẹrẹ́nà, ìwé kejì ṣì wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Kí ló fà á? Iye ìwé la kà, a ò ka iye ojú-ewé.

📖 Ìṣirò rẹ̀ rèé: ìwé olójú-ewé 240, tí a bá ń ka 8 lójúmọ́, ọjọ́ 30 ló máa gbà. Ẹni tó bá wọkọ̀ láti Ìjan-Èkìtì lọ sí Adó-Èkìtì lè ti ka díẹ̀ níbẹ̀ kó tó kọjá iwájú Yunifásítì ABUAD. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

📖 Ṣé ẹ ti rẹ̀yìn? Ẹ má sọ ìrètí nù. Tí oṣù Òkúdù bá parí tó jẹ́ ìwé 3 lẹ ti kà, 9 ló kù fún oṣù mẹ́fà. Ojú-ewé 12 lójúmọ́ ti tó.

📖 Ẹ pa ìwé tínrín pọ̀ mọ́ èyí tó nípọn. Ìtàn àròsọ D. O. Fágúnwà jẹ́ márùn-ún, láti Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938) dé Àdììtú Olódùmarè (1961). Ẹ fi ìwé ewì Níyì Ọ̀ṣúndáre, ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, sáàárín wọn.

📖 Ìwé tí kò bá wọ̀ yín lára, ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ mú òmíràn. Kì í ṣe ìdánwò.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní, ẹ ka ojú-ewé 8.