Fóònù Ti Ń Gbọ́ Yorùbá, Kò Tíì Gbọ́ Ti Ìkọ̀lé

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ Google kéde pé Yorùbá ti wọ ara àwọn èdè tí èèyàn lè fẹnu sọ kí fóònù sì kọ ọ́ sílẹ̀. Haúsá, Ígbò àti Píjìn náà wà níbẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ kọ lẹ́tà, àkọsílẹ̀ ìpàdé ẹgbẹ́ tàbí ìkéde ìsìnkú kò ní láti máa wá ibi tí ẹ̀ àti ọ́ fara pamọ́ sí mọ́. Yóò fọwọ́ kan àwòrán gbohùngbohùn kékeré níbi ìtẹ̀wé, yóò sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà yóò sì máa tò jáde lójú fóònù.

Àwọn tó ń gbé Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó àti àwọn ìlú Èkìtì mìíràn tó yí wọn ká ní ìbéèrè kan tí wọ́n lè bi ẹ̀rọ náà: Yorùbá ti ta ni?

Orúkọ ìlú nìkan ti tó láti dá wàhálà sílẹ̀. Ùsì wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìdó-Ọ̀sì, Ùsìn sì wà ní ti Ìkọ̀lé. Nínú Yorùbá tí wọ́n fi ń kọ ìwé, ọ̀rọ̀ kì í fi u bẹ̀rẹ̀. Ní Èkìtì, ulé ni ilé, ulá sì ni ilá. Àwọn onímọ̀ èdè tún máa ń ka fáwẹ̀lì àìránmúpè mẹ́sàn-án lẹ́nu ọ̀pọ̀ ará Èkìtì, níbi tí Yorùbá àjùmọ̀lò ti ní méje. Abíọ́dún Adétugbọ́ ti ṣe iṣẹ́ lórí irú ìyàtọ̀ báyìí fún oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Yunifásítì Columbia ní 1967, ó sì kó Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti Ifẹ̀ pọ̀ sí ọ̀wọ́ kan, ọ̀tọ̀ sí ti Ọ̀yọ́. Kì í ṣe pé ará Èkìtì ń ṣi Yorùbá àwọn ẹlòmíràn sọ. Tiwọn ni wọ́n ń sọ.

Kí ló wá kan kọ̀ǹpútà nínú èyí? Ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ohùn kò mọ èdè kankan tẹ́lẹ̀. Tí ohùn bá wọlé, yóò gé e sí wẹ́wẹ́, èyí tó jẹ́ pé nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo, gígé náà lè tó ọgọ́rùn-ún. Yóò wo bí agbára ohùn ṣe pín láàárín òkè àti ìsàlẹ̀ nínú gígé kọ̀ọ̀kan, yóò sì ṣírò lẹ́tà tó ṣeé ṣe jù. Yóò tún wo àwọn ọ̀rọ̀ tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e, kó lè mọ èyí tó bá ara mu. Ibi tó ti kọ́ gbogbo èyí ni ohùn àwọn èèyàn tí wọ́n gbà sílẹ̀, tí wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tí kò bá gbọ́ ulé rí nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀, ohun tó sún mọ́ ọn jù nínú èyí tó mọ̀ ni yóò kọ, láìbéèrè, láìṣiyè méjì. Ohun tó burú níbẹ̀ nìyẹn: àkọtì máa ń hàn, àṣìkọ tó jọ òótọ́ kì í tètè hàn.

Iṣẹ́ náà kò bẹ̀rẹ̀ lánàá. Ní 1952, ilé-iṣẹ́ Bell Labs ní Amẹ́ríkà ṣe ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní Audrey, tó dá nọ́ńbà òdo sí mẹ́sàn-án mọ̀ lẹ́nu ẹni tó bá ti mọ ohùn rẹ̀. Ti IBM tó tẹ̀ lé e gbọ́ ọ̀rọ̀ 16. Ó di 1997 kí tọkọtaya kan, James àti Janet Baker, tó gbé Dragon NaturallySpeaking jáde, tí akọ̀wé, agbẹjọ́rò àti dókítà fi lè máa sọ̀rọ̀ lọ geerege láìdúró lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn kọ́kọ́ gbọ́.

Bí ìpín ohùn láàárín àwọn èdè ṣe rí títí di àìpẹ́ yìí hàn nínú Whisper, tí ilé-iṣẹ́ OpenAI gbé jáde ní 2022. Wákàtí 680,000 ni ohùn tó fi kẹ́kọ̀ọ́. Nínú rẹ̀, wákàtí 117,000 péré ni àwọn èdè 96 tí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì jọ pín, ìwọ̀nba tó kan Yorùbá kò sì tó nǹkan.

Àwọn ọmọ Yorùbá náà dìde sí i. Kọ́lá Túbọ̀sún, onímọ̀ èdè àti òǹkọ̀wé, wà lára àwọn tó gba ohùn àwọn olùyọ̀ǹda ara wọn sílẹ̀ fún iṣẹ́ kan tó jáde ní 2020. Òun, Tolúlọpẹ́ Ògúnrẹ̀mí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tún gbé ÌròyìnSpeech jáde ní 2023: ohùn nǹkan bí wákàtí 42 láti ẹnu èèyàn 80, tí wọ́n ka gbólóhùn inú ìròyìn àti ìwé ìtàn. Nígbà tí wọ́n fi dán ẹ̀rọ wò, ìwọ̀n àṣìkọ rẹ̀ jẹ́ 23.8. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀, nǹkan bí mẹ́rìnlélógún ló yí padà, tàbí ló fò, tàbí ló fi kún un lásán. Ẹni tó bá pe lẹ́tà ojú ìwé kan fún un yóò ṣì jókòó tún un ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn ni iṣẹ́ NaijaVoices dé, tó kó nǹkan bí wákàtí 1,800 jọ ní Haúsá, Ígbò àti Yorùbá, láti ẹnu èèyàn tó lé ní 5,000. Ní oṣù Kẹsàn-án 2025, ìjọba àpapọ̀ náà gbé tiwọn, N-ATLAS, kalẹ̀ ní New York, Yorùbá sì wà nínú rẹ̀.

Èkìtì ńkọ́? Iṣẹ́ tó sún mọ́ ìbéèrè yẹn jù ni YORÙLECT, tí Orevaoghene Ahia, Anuoluwapo Aremu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé jáde ní 2024. Wọ́n lọ bá àwọn tó ń sọ ẹ̀ka èdè nílé wọn, wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀, wọ́n sì fi dán àwọn ẹ̀rọ ńláńlá wò. Gbogbo ẹ̀rọ náà ló gbọ́ Yorùbá àjùmọ̀lò ju ẹ̀ka èdè lọ, ìyàtọ̀ náà kò sì kéré. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi ohùn ẹ̀ka èdè kọ́ wọn, ìwọ̀n àṣìkọ wọn fi nǹkan bí 20 já wálẹ̀. Ẹ̀ka mẹ́ta tí wọ́n mú ni Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ìlàjẹ. Èkìtì kò sí níbẹ̀.

Ọmọ Ìkọ̀lé kan ti pa irú ìtàn báyìí rí. Ọ̀jọ̀gbọ́n J. F. Adé Àjàyí, òpìtàn tí wọ́n bí sí Ìkọ̀lé ní 1929, kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé àtìgbàdégbà Odù ní 1960 lórí bí Yorùbá ṣe di èdè kíkọ. Samuel Ajayi Crowther àti àwọn míṣọ́nnárì CMS ló wà nídìí iṣẹ́ náà, ọ̀rọ̀ ẹnu ará Ọ̀yọ́ ni wọ́n sì fi ṣe òpó rẹ̀. Wọ́n ṣe ìpàdé lórí àkọtọ́ ní Èkó ní 1875. Bíbélì tó tìdí rẹ̀ jáde ni wọ́n fi kọ́ ọmọ Èkìtì ní ìwé kíkà. Ní 2023, ilé-iṣẹ́ Meta gbé ẹ̀rọ kan jáde tó ń gbọ́ èdè tó lé ní 1,100, Májẹ̀mú Tuntun tí wọ́n kà sórí rẹ́kọ́ọ̀dù ló sì fi kọ́ púpọ̀ nínú wọn. Ọ̀nà tí lẹ́tà gbà dé ni ohùn náà tún ń gbà dé yìí.

Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò bọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, òun sì ni wọ́n fi ń kọ fáìlì aláìsàn nílé ìwòsàn ìkọ́ni ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdó-Èkìtì àti ní gbogbo ọsibítù ńlá ilẹ̀ yìí. Dókítà tó ń yẹ aláìsàn wò láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì kò ráyè kọ̀wé. Tó bá lè sọ ọ́ sínú fóònù, ara yóò tù ú. Àmọ́ ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà ní 2020 fi hàn pé ẹ̀rọ Amazon, Apple, Google, IBM àti Microsoft ń ṣi ọ̀rọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú kọ ní 35 nínú ọgọ́rùn-ún, ti àwọn aláwọ̀ funfun sì jẹ́ 19. Ilé-iṣẹ́ Intron, tí Dókítà Tobi Olatunji jẹ́ olùdásílẹ̀ rẹ̀, ló wá gbé AfriSpeech-200 jáde ní 2023: wákàtí 200 ti Gẹ̀ẹ́sì bí àwọn ará Áfíríkà ṣe ń sọ ọ́, láti ẹnu èèyàn 2,463 ní orílẹ̀-èdè 13, ọ̀rọ̀ ìṣègùn sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ìwádìí wọn mìíràn lọ́dún náà fi hàn pé orúkọ àwọn ará Áfíríkà ni àwọn ẹ̀rọ máa ń bàjẹ́ jù. Nínú fáìlì aláìsàn, orúkọ kì í ṣe ibi tó yẹ kí àṣìkọ ti wáyé.

Títún ọ̀rọ̀ tó ti jáde ṣe tún jẹ́ iṣẹ́ ọ̀tọ̀. Lórí Google Docs, èèyàn lè fẹnu pàṣẹ kí ẹ̀rọ yan ọ̀rọ̀ kan, kó pa á rẹ́ tàbí kó bẹ̀rẹ̀ ìpínrọ̀ tuntun, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni àṣẹ náà gbọ́. Ẹni tó ń kọ Yorùbá yóò padà fọwọ́ tún un ṣe. Àmì ohùn ni kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí ẹ̀rọ lè gbọ́ ọkọ̀ kó kọ ọkọ.

Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní 2011 ní ọgbà ní Ìkọ̀lé pẹ̀lú. Ìmọ̀ ẹ̀rọ wà ní ọgbà Ìkọ̀lé, ẹ̀kọ́ èdè sì wà ní Ọ̀yẹ́. Bí wọ́n bá rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí Àyèdè, Ìfàkì, Ọ̀tùn àti Ùsì pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, wákàtí 42 tí ÌròyìnSpeech kó jọ kò ju ohun tí ọwọ́ wọn lè tó lọ.

Kò sí ìdí kankan tí ẹnikẹ́ni fi gbọ́dọ̀ dúró dè wọ́n. Common Voice, ìkànnì Mozilla tó ń gba ohùn èèyàn jọ, kì í gba kọ́bọ̀. Ẹ wọ ìkànnì náà, ẹ yan Yorùbá, ẹ ka gbólóhùn tó bá gbé wá. Níbi tó ti ń béèrè bí ọ̀rọ̀ ṣe ń dún lẹ́nu yín, ẹ kọ Èkìtì síbẹ̀, kí ẹ dárúkọ ìlú yín. Ó tún ń gba gbólóhùn tuntun lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ fi sílẹ̀, nítorí náà, ẹ lè kọ èyí tí ulé wà nínú rẹ̀ ránṣẹ́.