Kọ́kọ́rọ́ tí Amí Kò Lè Yọ́ Wò

Ẹ sún mọ́ iná, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìtàn alẹ́ òní kì í ṣe ti Ìjàpá. Ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́.

Ọmọ kan wà ní Montreal, ní Kánádà, Gilles Brassard lorúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún 13 péré ni nígbà tó wọ yunifásítì. Ní 1979, ó gboyè ọ̀mọ̀wé ní Cornell, ní Amẹ́ríkà, lórí ìmọ̀ àrokò: bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ tí ẹni tí kò kàn kò fi ní lóye rẹ̀.

Ọdún yẹn náà ni ìpàdé àwọn onímọ̀ gbé e dé San Juan, ní Puerto Rico. Ó ń lúwẹ̀ẹ́ jẹ́jẹ́ rẹ̀ nínú òkun ni àjèjì kan lúwẹ̀ẹ́ wá bá a, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn owó bébà tí ẹnikẹ́ni ò lè ṣe ayédèrú rẹ̀. Nínú omi o! Charles Bennett ti ilé iṣẹ́ IBM ni àjèjì yẹn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Stephen Wiesner, ló ronú kan owó náà. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti da Brassard àti Bennett pọ̀.

Nígbà tó di 1984, wọ́n ti inú èrò owó yẹn gbé ọgbọ́n tuntun kalẹ̀ ní Bangalore, ní Íńdíà. Ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe kọ́kọ́rọ́ ọ̀rọ̀ àṣírí, ẹyọ rẹ̀ tó kéré jù lọ ni wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ mọ ewé patanmọ́ lẹ́bàá ọ̀nà oko? Bí ọwọ́ bá ti kàn án, á pa dé. Bẹ́ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ yẹn rí. Amí tó bá yọjú wò ó ti yí i padà nìyẹn. Àwọn tó ni ọ̀rọ̀ á mọ̀ pé ẹnì kan ti débẹ̀, wọ́n á sì da kọ́kọ́rọ́ náà nù kí wọ́n tó fi ti ohunkóhun. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nìyí: kì í ṣe líle ìṣirò ló ń ṣọ́ àṣírí náà, bí Ọlọ́run ṣe dá ìmọ́lẹ̀ ni.

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ò kọ́kọ́ kà á sí. Ní 1989, Bennett àti Brassard kan ẹ̀rọ rẹ̀ fúnra wọn. Ìmọ́lẹ̀ náà ò rìn ju nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà lọ. Ẹ̀rọ tó ń darí rẹ̀ sì ń kùn, kíkùn rẹ̀ ń yí padà bí ẹyọ ìmọ́lẹ̀ ṣe ń yí, débi pé ẹni tó bá tẹ́tí á gbọ́ àṣírí lẹ́nu ẹ̀rọ. Wọn ò torí ẹ̀ dá iṣẹ́ dúró.

Ní 1994, onímọ̀ kan, Peter Shor, fi hàn pé kọ̀ǹpútà kúáńtọ́ọ̀mù, ìyẹn èyí tó ń fi ìwà àwọn nǹkan tíntìntín bí ẹyọ ìmọ́lẹ̀ ṣe ìṣirò, bó bá tóbi tó, á já àgádágodo ìṣirò tí báńkì àti íntánẹ́ẹ̀tì gbẹ́kẹ̀ lé. Ìgbà náà ni ojú wá yí sí ọgbọ́n Bennett àti Brassard. Nígbà tó fi máa di 2017, Beijing àti Vienna ti fi irú kọ́kọ́rọ́ yìí bára wọn sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ sátẹ́láìtì Ṣáínà, ọ̀nà tó ju 7,000 kìlómítà lọ.

Lọ́dún 2018, Brassard àti Bennett jọ gba ẹ̀bùn Wolf fún ìmọ̀ físíìsì. Bẹ́ẹ̀ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ni Brassard kà.