Àwọn Alámòójútó Ìrẹsì ní Bouaké

Kò sẹ́ni tó máa kọ́ Yorùbá bí ìlú ṣe ń dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Lọ́dún 1943, Ẹgbẹ́ Ọmọ Ìbílẹ̀ Ọ̀fà dá ilé ẹ̀kọ́ girama sílẹ̀ nílùú wọn, ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn ló sì ṣe bẹ́ẹ̀ kí òmìnira tó dé. Ẹgbẹ́ á pe ìpàdé, àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Èkó, Jọ́ọ̀sì àti Kánò á dá owó, wọ́n á sì yan àgbà mélòó kan tí ọwọ́ wọn mọ́ láti máa bójú tó o. Àwọn àgbà wọ̀nyí kì í kọ́ ọmọ níwèé. Òmíràn nínú wọn ò tilẹ̀ mọ̀wé rárá. Iṣẹ́ tiwọn ni kí ilẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ má bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, kí owó má rá mọ́ akápò lọ́wọ́, kí wọ́n wá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó gbangba sùn lọ́yẹ́, kí wọ́n sì lè ní kó máa lọ bó bá ń ṣe ségesège.

Ẹni tó bá ti jókòó nírú ìpàdé bẹ́ẹ̀ rí mọ ohun tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tó lówó jù kì í tètè san owó ẹgbẹ́. Ẹni tó bá sì wá san tirẹ̀ lójijì lè ní àbúrò ìyàwó kan tó ń wáṣẹ́.

Ẹ fi èyí sọ́kàn, ká jọ rìn dé Côte d'Ivoire. Àwọn ará Ẹjìgbò ò ní í ṣìnà, nítorí ọ̀nà Àbíjàn ò ṣàjèjì sí wọn láti ìgbà àwọn baba wọn. Bouaké wà láàárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè náà, lọ́dọ̀ àwọn Baoulé, òun sì ni ìlú tó tẹ̀lé Àbíjàn ní títóbi. Tẹ́ ẹ bá gba ọ̀nà Katiola lọ sí àríwá, tẹ́ ẹ rìn tó kìlómítà 20 ó lé díẹ̀, ẹ máa dé M'bé. Ilẹ̀ ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí òkè gbígbẹ, ó rọra ń dà gẹ̀rẹ̀ títí tó fi di àkùrọ̀, nítorí náà èèyàn lè gbin oríṣiríṣi ìrẹsì sójú kan náà. Níbẹ̀ ni oko ìwádìí ilé iṣẹ́ ìwádìí ìrẹsì ilẹ̀ Áfíríkà wà, ilé iṣẹ́ tí àwọn tó ń sọ Faransé mọ̀ sí ADRAO, tí gbogbo ayé ń pè ní AfricaRice báyìí.

Orílẹ̀-èdè 11 ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1971, pẹ̀lú oríkò rẹ̀ ní Monrovia, ní Liberia. Lónìí wọ́n ti di 28, Nàìjíríà sì wà nínú wọn. Àwọn mínísítà ètò ọ̀gbìn orílẹ̀-èdè wọ̀nyí ló para pọ̀ di Ìgbìmọ̀ Àwọn Mínísítà. Ẹ lè pè wọ́n ní ìpàdé gbogbo ìlú, nítorí àwọn ló ni ín. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìṣòro wọn jọ tiwa. Láàárín ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́, owó tí orílẹ̀-èdè ṣèlérí kì í sábà wọlé, ọ̀rọ̀ òṣèlú sì máa ń wọ̀ ọ́ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi èèyàn sípò. Àwọn tó ń fowó ṣèrànwọ́ láti ìta bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ní nǹkan bí ọdún 1986 sí 1987, àwọn mínísítà gbà láti fa àbójútó iṣẹ́ lé Ìgbìmọ̀ Alámòójútó lọ́wọ́, wọ́n sì dara pọ̀ dáadáa mọ́ CGIAR, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ ìwádìí oúnjẹ lágbàáyé tí IITA Ìbàdàn náà wà nínú rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọdún 1980 fi máa parí, wọ́n ti kó kúrò ní Monrovia wá sí Bouaké.

Níbi yìí ni ọ̀nà wọn àti ti ẹgbẹ́ ìlú ti yà. Kò sí ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ kan nílẹ̀ Yorùbá tó máa jẹ́ kí àlejò ṣe alága wọn. Ní ti Ìgbìmọ̀ Alámòójútó yìí, àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà wà níbẹ̀, àwọn tí wọ́n pè láti ilẹ̀ òkèèrè náà wà níbẹ̀, alága sì lè wá láti ibikíbi. Getachew Engida, ọmọ Ethiopia tó padà di igbákejì ọ̀gá àgbà UNESCO, ti ṣe é. Peter Matlon, ọmọ Amẹ́ríkà, náà ti ṣe é, òun tó ti kọ́kọ́ jẹ́ olórí ìwádìí níbẹ̀ kí ó tó wá di alága ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Ojú máa ń tì mí díẹ̀ bí mo bá ń ronú pé àfi ká ké sí ará ìta kó tó di pé a lè ṣọ́ ohun tó jẹ́ tiwa. Ṣùgbọ́n mi ò lè purọ́: àtìgbà tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ohun tí wọ́n sì ń ṣọ́ kì í ṣe ohun tó ń yá. Ilẹ̀ Áfíríkà ní ìrẹsì tirẹ̀ láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ní agbègbè odò Ọya ní Mali. Ewé rẹ̀ máa ń fẹ̀ bo ilẹ̀ débi tí koríko ò fi ní í ráyè hù, ó sì lè kojú ọ̀pọ̀ àrùn àti kòkòrò ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n hóró rẹ̀ máa ń gbọn dànù, igi rẹ̀ sì máa ń ṣubú. Ìrẹsì ilẹ̀ Éṣíà tó wọlé lẹ́yìn náà ń so púpọ̀, àmọ́ koríko lè pa á. Ta ni kò ní í fẹ́ fẹ́ àwọn méjèèjì fún ara wọn? Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọmọ tí wọ́n bá bí sábà máa ń yàgàn.

Monty Jones, ọmọ Sierra Leone, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ dojú kọ ọ̀rọ̀ yìí ní Bouaké ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Òdòdó ìrẹsì kéré gan-an, okùn tín-tín-tín mẹ́fà tó ru ẹ̀yà akọ ló sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n á fi àlùmọ́gàjí kékeré gé orí èèpo rẹ̀, wọ́n á yọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kí ó tó là, wọ́n á wá gbọn lẹ́búlẹ́bú òdòdó ìrẹsì kejì sí i, wọ́n á sì fi àpò bébà bò ó. Bí hóró bá mú, wọn ò ní í dúró kó kú sórí igi. Wọ́n á tú u nígbà tó ṣì tutù, wọ́n á yọ ọlẹ̀ inú rẹ̀, wọ́n á gbé e sínú ìgò tó ní oúnjẹ dídì bí ẹ̀kọ tútù, kí ó lè dàgbà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n á tún mú un padà gun ìrẹsì Éṣíà títí á fi lè so. Ìrẹsì Áfíríkà tó ń jẹ́ CG 14 àti ìrẹsì Éṣíà tó ń jẹ́ WAB 56-104 ló bí àkọ́kọ́ nínú àwọn ìrẹsì tuntun tí wọ́n ń pè ní NERICA. Lọ́dún 2004, Jones àti Yuan Longping ti China jọ gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé.

Kò sí alámòójútó kankan tó mú àlùmọ́gàjí dání nínú gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ọlẹ̀ ń kú lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó jókòó síbi ìwé owó lè fi bírò fa ilà kan kí ó parí rẹ̀. Lójú tèmi, kí alámòójútó má fa ilà yẹn jẹ́ iṣẹ́ ńlá. Àwọn obìnrin àgbẹ̀ tí wọ́n pè wá sórí oko láti fojú ara wọn yan irú ìrẹsì tó wù wọ́n náà ò mọ orúkọ alámòójútó kankan.

Ní ọjọ́ 19 oṣù September, ọdún 2002, ọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀, Bouaké sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀. Kanayo Nwanze, ọmọ Nàìjíríà, ni ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ ìwádìí náà nígbà yẹn, láti 1996. Wọ́n ní láti kó àwọn òṣìṣẹ́ jáde. Wọ́n forí lé Àbíjàn, àwọn kan dé Bamako, nígbà tó sì di oṣù January 2005, wọ́n kó oríkò lọ sí Cotonou, níbi tí IITA ti fún wọn láàyè ní ibùdó rẹ̀ ní Abomey-Calavi. Ní irú àsìkò yẹn ni a ń mọ ohun tí àwọn alámòójútó wà fún. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó já fáfá lè ríṣẹ́ síbòmíràn láàárín oṣù kan, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan sì lè gba ìpín tirẹ̀ kó máa lọ. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi wà ní ilẹ̀ Benin, àjọ náà ò tú ká, ọ̀gá kan lọ, òmíràn dé. Nwanze fúnra rẹ̀ padà di ààrẹ IFAD, àjọ àgbáyé tó ń fowó ran iṣẹ́ àgbẹ̀ lọ́wọ́, láti 2009 sí 2017. Lọ́dún 2015 ni oríkò padà sí Côte d'Ivoire, sí Àbíjàn, M'bé sì tún di oko ìwádìí. Ilé ìpamọ́ irúgbìn ti wà níbẹ̀ báyìí, pẹ̀lú oríṣi ìrẹsì bí 22,000 nínú òtútù.

Ọ̀rọ̀ yìí ò jìnnà sí wa. Irúgbìn tí àwọn àgbẹ̀ Nàìjíríà ń pè ní FARO 55 ni NERICA 1. FARO 56 ni NERICA 2. Mínísítà ètò ọ̀gbìn wa ní àga nínú ìgbìmọ̀ tó ni ilé iṣẹ́ tó ti wá. A máa ń bi akápò ẹgbẹ́ ìlú wa léèrè owó ní gbangba, láìbẹ̀rù. Ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí aṣòfin yín bá tún wá sílé, ẹ bi í bóyá Nàìjíríà ti san owó tirẹ̀.